Iná Ìdánwò Ọ̀gá Sinimá

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ lánàá, ṣùgbọ́n kí n tó rò ó fún yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Oníná, kọ̀ǹpútà ló fi ń dáná sínú sinimá. Ilé á máa jó lala lójú àwòrán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ṣá iṣáná. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí iná yẹn, bàkẹ́ẹ̀tì omi ni mo gbé sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ì bá gbé e.

Ìwà òmùgọ̀ mi ò tán síbẹ̀. Ọ̀gá Sinimá wá sílé wa, ó ní kí ọmọ ṣe iná kan fún òun wò lọ́fẹ̀ẹ́, pé ìdánwò ni, tó bá yege òun á gbà á síṣẹ́. Ọmọ fajú ro. Èmi ni mo ní kó ṣe é. Èmi náà ni mo tún fi orúnkún tó ń ro mí yìí kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo lè bí.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ní ọmọ fìdí rẹmi. Ó dùn ún, ó gba kámú. Àfi ìgbà tí sinimá jáde, tó lọ wò ó, tó rí iná ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń jó ilé onílé, tí orúkọ ọ̀gá nìkan sì kún ojú àwòrán. Èyí tó wá burú jù ni pé obìnrin kan tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ gidi ní kó mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá. Ó fi iná náà hàn án. Obìnrin yẹn ní sinimá ọ̀gá lòun ti rí i, òun kì í gba olè síṣẹ́, àfi tí ọmọ bá lè fi hàn pé òun ló ni ín. Bí a ṣe dé ààfin nìyẹn.

Oníná rojọ́ tán. Baálẹ̀ kọjú sí ọ̀gá, tó fi dígí dúdú sójú jókòó sínú ilé.

"Ṣé iná ọmọ yìí ló wà nínú sinimá rẹ?"

"Rárá o, Baálẹ̀. Iná tòótọ́ ni. Ilé kan la sun."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó mú wá ṣe ẹlẹ́rìí, ti dìde. Ó ní àwọn ò sun ilé kankan, ẹ̀rọ ayàwòrán tuntun tí ọ̀gá rà ló ń mú iná wá fúnra rẹ̀.

"Ilé ni àbí ẹ̀rọ ni?"

"Ilé ni," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ̀rọ ni," ni ẹlẹ́rìí rẹ̀ wí, ẹnu wọn sì pàdé lójú afẹ́fẹ́.

Baba kan nínú ìgbìmọ̀ wúkọ́. Ó ní òun mọ ilé tó jó nínú sinimá yẹn, ilé òun ni, inú rẹ̀ lòun sì ti jí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀gá yí ohùn padà. "Ó dáa, ká má tan ara wa. Ìdánwò ni mo fún wọn, gbogbo wọn ló fìdí rẹmi. Iṣẹ́ tó bá fìdí rẹmi ò ní baba, kò ní ìyá. Àánú ló ṣe mí tí mo fi gbà á sínú sinimá."

"Gbogbo wọn kẹ̀?"

Ni ọ̀dọ́kùnrin méjì bá dìde lẹ́yìn wa. Ìdánwò ti ọ̀kan ni kó fi kọ̀ǹpútà ṣe èéfín. Èkejì ló nu okùn tí wọ́n fi so òṣèré tó fò látorí òrùlé kúrò lójú àwòrán.

"Ta ló wá yege nínú wọn?"

"Kò sí, Baálẹ̀."

"Ta ló wá ṣe sinimá?"

Ọ̀gá tún dígí rẹ̀ tò. "Àwọn tó fìdí rẹmi náà ni, sà."

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀ṣọ́ fi ní òun á mú mi jáde.

Ọ̀gá ò tíì gbà. Ó ní àwọn tó ṣe iná fún òun pọ̀, iná kì í sì í jẹ́ orúkọ, ta ló lè mọ ti ẹnì kan yàtọ̀? Oníná ní kí wọ́n gbé sinimá náà wá.

"Baálẹ̀, ẹ wo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn yẹn. Ọ̀tún ni atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sí. Èéfín náà, ọ̀tún ló ń lọ. Iná mi ńkọ́?"

Òsì ni iná ń fẹ́ sí. Iná àti èéfín kẹ̀yìn síra wọn bí tọkọtaya tó jà mọ́jú. Ọmọ ní wọ́n gé ibi tí aṣọ wà kúrò kí wọ́n tó fún òun ní àwòrán náà, òun ò mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, òun kàn méfò ni. Ó wá ṣí iṣẹ́ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń bọ́ ahọ́n iná náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe tò wọ́n jọ. Baálẹ̀ ní kí ọ̀gá bọ́ ẹyọ kan nínú tirẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Sinimá kú pii.

Baálẹ̀ dájọ́. Kí ọ̀gá kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣáájú tirẹ̀. Títí yóò fi kọ ọ́, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi sinimá náà hàn, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àwòrán. Bí iná bá yọ, kó kígbe pé Oníná ló dá a. Bí èéfín bá rú, kó pe ẹni tó ni ín. Bí òṣèré bá fò, kó jẹ́wọ́ pé okùn wà níbẹ̀, kó sì sọ ẹni tó nù ún. Iwájú obìnrin tó pe ọmọ lólè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbìmọ̀ ní kó kọ́kọ́ gbìyànjú igbe náà wò, pé ìdánwò ni. Ó kígbe. Ìgbìmọ̀ fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kò yege. Ó tún kígbe, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Wọ́n ní kò yege. Baálẹ̀ ti ń wọ bàtà rẹ̀, àwa náà ń gbọn eruku ìdí wa, nígbà tí ọ̀gá bọ́ dígí dúdú lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀," ló wí, "ìgbà mélòó ni èèyàn máa ń ṣe ìdánwò kan ṣoṣo?"