Bí Mo Ṣe Fi Èdè Gíríìkì Dẹ́rù Ba Káfíńtà Wa

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ẹ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé aṣọ ni mò ń fọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, tí yóò kàn ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn, màá dáwọ́ dúró, màá sì bú ara mi sókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, bóyá ìtìjú rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀ lára mi.

Nígbà yẹn, mò ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Yábàá, torí ìdánwò tí mo fẹ́ fi wọ ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun. Títíṣà wa ní ká má wulẹ̀ máa há ọ̀rọ̀ Òyìnbó sórí. Ó ní ayálò ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ọwọ́ àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá rẹ̀, pé ègé ègé ni wọ́n sì so ó pọ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn ègé náà lè tú ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Ó fi tẹlifóònù ṣe àpẹẹrẹ: "tẹ́lì" ni ọ̀nà jíjìn, "fóònù" ni ohùn. Ohùn láti ọ̀nà jíjìn! Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn.

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó sinmi mọ́ nílé wa ní Muṣin. Bí àbúrò mi bá ní òun ń ka báọ́lọ́jì, màá tú u. Bí wọ́n bá dárúkọ tẹlifíṣọ̀n, màá tú u. Ìyá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Gíríìkì tó ò ń pè yìí, ṣé ó mọ abọ́ fọ̀?" Àmọ́ àwọn ará ilé yòókù ti ń pè mí ní Díṣọ́nárì, mi ò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá kàwé díẹ̀ ló ń bá àwọn àgbà ka ìwé tí wọ́n bá gbà wálé, ìbáà ṣe ti iná, ti báńkì tàbí ti ọsibítù. Iṣẹ́ náà ti wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì dùn mọ́ mi.

Bàbá Ràfíù ni káfíńtà tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, gbogbo àdúgbò ló sì gbà wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ lu pákó, tí wọ́n ní, "Ìrókò gidi nìyí," ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, pátákó ńlá kan já lù wọ́n nítan, itan náà sì wú. Wọ́n lọ ya àwòrán rẹ̀ ní ọsibítù kan lápá Ìdí-Àràbà, àwọn tó yà á sì ní kí Bàbá mú èsì náà lọ fún dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bàbá ò lè dúró di Mọ́ńdè. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n pè mí.

"Díṣọ́nárì, wá bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ síbí."

Ọ̀rọ̀ kan ló gùn jù níbẹ̀: hẹmatómà. Mi ò rí i rí, inú mi sì dùn pé mi ò rí i rí. Mo mọ̀ pé "hẹ́mà" ni ẹ̀jẹ̀ lédè Gíríìkì. Ó ku "ómà". Mo rántí pé kasinómà ni títíṣà fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, jẹjẹrẹ sì ni kasinómà. Mo so méjèèjì pọ̀.

"Bàbá, ẹ ní sùúrù o," mo sọ ọ́ bíi dókítà. "Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ síbí."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Àwọn Gíríìkì ò ní parọ́, sà."

Fóònù wà lápò mi o. Ìṣẹ́jú kan péré ni màá fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ èmi tí mo gbọ́ Gíríìkì, kí ni mo fẹ́ fi fóònù ṣe? Bàbá ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ àpò, wọ́n ní kí n má sọ fún Ìyá Ràfíù.

Mùsùlùmí tó bá rí i pé ikú ti sún mọ́ òun, á wá àwọn tó ti ṣẹ̀ lọ, á tọrọ àforíjì. Mi ò mọ̀ pé Bàbá Ràfíù ní ohunkóhun tí wọ́n fẹ́ tọrọ àforíjì lé lórí. Lẹ́yìn ìrun Àyìlá lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n wọ yàrá wa, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi tòun ti itan wíwú.

"Àlàájà, ẹ foríjì mí nítorí Ọlọ́run. Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kàn fún yín, mo ní ìrókò ni. Arère ni. Ọ̀dà ni mo fi bò ó."

Ìyá mi wo kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n wo Bàbá. "Arère tí èèyàn lè fi èékánná ha yẹn?"

"Òun ni, mà."

Ìyá mi foríjì wọ́n. Nígbà tí Bàbá jáde, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Bàbá dìde ní mọ́sáláásí. Wọ́n ní mínbárì tí àwọn kàn, tí Ìmáàmù ń gùn ṣe wáàsí lọ́jọ́ Jímọ̀, arère ni látòkè délẹ̀. Ìmáàmù wa kì í ṣe èèyàn kékeré. Wọ́n sanra dáadáa. Wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n ní, "Orí arère ni mo ti ń dúró látọjọ́ yìí?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tó ní bẹ́ẹ̀dì tàbí àga tí Bàbá kàn ló ti ń fọwọ́ kàn án wò. Ìyá Ràfíù náà gbọ́ ìdí tí ọkọ wọn fi ń jẹ́wọ́ káàkiri, wọ́n sì figbe ta.

Ní Mọ́ńdè, àwa mẹ́rin la lọ rí dókítà: Bàbá, Ìyá Ràfíù, Ìmáàmù, àtèmi pẹ̀lú ìwé nóòtì mi. Mo ní màá bá wọn túmọ̀ ohun tí dókítà bá sọ.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó wo ìwé, ó tẹ itan náà wò. "Ẹ̀jẹ̀ ló dì síbi tí pákó ti lù yín, Bàbá. Á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́?" Ìyá Ràfíù ló béèrè.

"Jẹjẹrẹ wo, mà?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ṣí nóòtì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé hẹ́mà, mo ṣàlàyé ómà, ohùn mi sì ń lọ sílẹ̀. Dókítà náà jẹ́ kí n parí ẹ̀, ìyẹn ló burú jù.

"Àbúrò," ó ní, "wíwú ni 'ómà' yẹn ń sọ. Bí o bá forí gbá ilẹ̀kùn, tí iwájú orí ẹ wú, ṣé jẹjẹrẹ nìyẹn?"

Ìyá Ràfíù bú sẹ́kún ayọ̀. Ìmáàmù gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run dáadáa, wọ́n wá rọra yíjú sí Bàbá. "Mínbárì wa ńkọ́?"

Ara Bàbá yá, àmọ́ orúkọ wọn ti bàjẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lè gba iwájú ibẹ̀ kọjá mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń fá ìrókò gidi lọ́wọ́ fún mínbárì tuntun.

"Dìde," wọ́n ní. "Èmi ni mo parọ́ arère, ìwọ kọ́ lo kọ́ mi. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ẹ́. Nígbà tó ò ń sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni, mo wo ojú ẹ. Ò ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú mi ń dùn pé mo rí ọ̀rọ̀ náà tú, mi ò sì wo ẹni tí mò ń tú u fún. Lónìí, bí àgbà bá gbé ìwé ọsibítù fún mi, màá ní ká jọ gbé e padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́, ojú àgbà náà ni màá sì kọ́kọ́ wò.

Mo yege nínú ìdánwò yẹn o. Abala ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo ti gba máàkì jù lọ. Nígbà tí mo rí i, ẹ̀rín pa mí, mo wá rántí ìbéèrè Bàbá Ràfíù, mo sì yáa pa ẹnu mi dé.