Ọkọ̀ Asáré Láṣebìkan

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọjà ọ̀pọ̀. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Arárọ̀mí fi máa ń sọ pé ọkọ̀ kì í wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ọwọ́ ẹni tó rà á ló ti ń wọ́n? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni Láṣebìkan, owó ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ.

Ìdí ata ni Láṣebìkan ti ń jẹun. Ẹ̀rọ ìlọta kan ṣoṣo ló ní, òun ló fi ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò, òun ló fi fẹ́yàwó, òun ló fi kọ́lé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àfi pé ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọkọ̀ asáré pupa tó wà níwájú ilé Bàbá Fátókun, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ débi pé adìyẹ ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìjókòó méjì péré ló ní, ariwo rẹ̀ sì ń jí ọmọ ọwọ́ ní àdúgbò kejì.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Fátókun ní òun fẹ́ tà á, iye tó pè é kò ju owó ọ̀kadà méjì lọ. Láṣebìkan ní kí ó tún un sọ.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe é?"

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ọmọ mi." Kí bàbá náà tó sọ̀rọ̀ tán, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ Láṣebìkan.

Ṣẹ́gilọlá, ìyàwó rẹ̀, wo ọkọ̀ náà yíká. "Bàbá Àdùfẹ́, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ ò béèrè iye tó ń jẹ."

"Ọkọ̀ ń jẹun ni? Àgbò ni?"

"Ti àgbò sàn. Àgbò á fún wa lẹ́ran nígbẹ̀yìn."

Ojú gọ́tà ilé wọn gan-an ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Ikùn ọkọ̀ há sórí afárá, àfi ìgbà tí wọ́n pe bíríkìlà kó wá wó o, kó tún un mọ. Bí ìyẹn ṣe ń gbẹ, àwọn ọ̀rẹ́ dé, wọ́n ní àwọn wá fọ ọkọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé omi kọ́ la fi ń fọ ọkọ̀ tuntun nílùú wa. Wọ́n fi ewúrẹ́ kan àti páálí ọtí mẹ́fà fọ̀ ọ́, títí àwọn mìíràn fi sùn sójúde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá Láṣebìkan gba ìjókòó kejì, ó ní òun lòun bí i. Láṣebìkan wá háyà takisí fún ìyàwó àtọmọ mẹ́rin pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé e. Wọn ò tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ asáré fi kú, takisí náà ló sì fi okùn wọ́ ọ délé.

Ràṣákì mẹkáníìkì ṣí i, ó yọ pùlọ́ọ̀gì tó ti jó jáde. "Ọ̀gá, pùlọ́ọ̀gì ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ òfúrufú ló ń gbé e wá láti òkè òkun."

"Èmi tí mi ò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí?"

"Ó ti ṣáájú yín nìyẹn."

Owó ti tán. Láṣebìkan tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, ó tà á, ó fi ra pùlọ́ọ̀gì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ojú rẹ̀ là. Àwọn obìnrin ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ata wọn. Bí wọ́n bá fi lè gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, ebi wọlé dé nìyẹn.

Ló bá dá ọgbọ́n. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó fi bẹ́líìtì so táyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìlọta, ó wọ inú ọkọ̀, ó tẹná mọ́ ọn.

Ata gbéra. Ó bá òrùlé, ó bá aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn, ó bá ewúrẹ́ lójú. Gbogbo Arárọ̀mí ń sín, wọ́n ń sunkún, àlejò tó ń kọjá lọ rò pé ọba ló wàjà. Abọ́ mẹ́ta péré ló lọ̀ kí epo tó tán pátápátá. Láṣebìkan bọ́ sílẹ̀, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó pupa bí ọkọ̀ náà. Ẹ̀rín pa Ṣẹ́gilọlá, ó pa òun náà.

"Ẹ tà á," ni Ṣẹ́gilọlá wí.

Ariwo ọjọ́ náà ti dé ìlú kejì. Tísà kan tó ń jẹ́ Ayégbàmí wá, ó ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wọ́n?"

Láṣebìkan rántí bí wọ́n ṣe ta á fún òun. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun lẹ́bi. "Àbúrò, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lọ́wọ́ tèmi, kò wọ́n rárá. Ọwọ́ tìẹ ni yóò ti wọ́n."

Tísà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n mọ àwàdà ṣe. Ó sanwó, ó bu epo sí i, ó sì gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Láṣebìkan ti ra ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà, àwọn obìnrin ti tò, inú rẹ̀ sì dùn ju ti ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́wàá lọ.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn ará Arárọ̀mí rí tísà lójú títì, ó ń ti ọkọ̀ pupa bọ̀, òógùn bò ó. Bó ṣe rí Láṣebìkan ló na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n! Òótọ́ lẹ sọ o! Ọwọ́ mi ló ti wá wọ́n!"

Gbogbo ẹni tó bá a ti ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, títí kan Bàbá Fátókun fúnra rẹ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ dòní: ọkọ̀ kì í wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ọwọ́ ẹni tó rà á ló ti ń wọ́n.