Gbénga Lá Egungun Peru ní Auburn Bay

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run fún Gbénga ní ọpọlọ pípé, ẹnu rẹ̀ ni kò ní bíréékì. Ọdún mẹ́ta péré ló fi walẹ̀ ní Peru, níbi tí wọ́n ti ń wá ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ọ tó bá ń ròyìn! Ẹ ó rò pé òun ló bá wọn kọ́ ìlú ọ̀hún.

Ní Saturday kan, ó lọ sí Auburn Bay, ní Calgary ní Canada, lọ tọrọ Monísọ́lá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Engineer Akínlabí. Bàbá ti ní òun ò lè fọ́mọ fún ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ jẹun. Gbénga ní kò sóhun tó le níbẹ̀, tóun bá ti lanu, wọ́n á gbà.

Bàbá ṣì ń múra lókè. Gbénga bá rìn lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú Monísọ́lá. Òtútù ọjọ́ náà, minus thirty! Ló bá rí nǹkan funfun kan tó yọrí nínú snow.

"Yéè! Egungun! Àwọn ará Peru dé Calgary!"

"Gbénga, barbecue..."

"Dákẹ́ ná! Ṣé ìwọ lo lọ Peru ni? Egungun tó bá ti gbó, téèyàn bá lá a, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Wò ó!"

Ó nà gbalaja sínú snow, ó lá ẹsẹ̀ barbecue, ààrò tí wọ́n fi ń sun ẹran, irin gidi tí yìnyín bò.

Ó mà lẹ̀ o! Ó lẹ̀ pinpin! Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó ń nàka sí ahọ́n. Ìgbà tó fẹ́ dìde ló mọ̀ pé wàhálà dé: òtútù ti gan ahọ́n rẹ̀ mọ́ irin.

Ibẹ̀ ni Bàbá jáde sí.

"Háà! Ìdọ̀bálẹ̀ rèé! Nínú snow! Mama Móní, wá wo ọmọ tó mọ̀wà hù! Dìde, ọmọ mi."

"Ẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni Gbénga wí.

"Mo ní ó tó, dìde!"

"Ẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Ó ní òun ò ní dìde àfi tí mo bá gbà! Ó dáa, mo gbà!" Omijé bọ́ lójú Bàbá. "Ó ku Monísọ́lá. Kí lo wí, ọmọ mi?"

Màmá ló rí ahọ́n. Ó ké "Jésù!", ó sáré wọlé, ó gbé kettle omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ jáde. Monísọ́lá gba kettle lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó ti Gbénga.

"Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń wá àyè bá a sọ̀rọ̀."