Orí Bọ̀dá Josiah Ni, Kì í Ṣe Iná

"Iná! Iná o! Ẹ dìde, iná ti ràn!"

Bọ̀dá Josiah, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé garawa omi, ó ti sáré la ọgbà kọjá, ó sì ti da gbogbo rẹ̀ sórí ìkòkò ẹ̀wà Zulaikha, aládùúgbò wa.

Gbọ̀àà!

Ẹ̀wà tó ti ń hó láti àárọ̀! Ẹ̀wà tó ku díẹ̀ kó jinná! Èédú kú fììì, eérú bo Zulaikha lójú, ó funfun báláú.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Mo gbóòórùn iná ni."

"Iná tí mo fi ń se ẹ̀wà ni, ẹ jọ̀ọ́!"

"Rárá o. Tèmi kì í ṣe ti ẹ̀wà. Ẹja ló ń jóná nínú tèmi."

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ jẹ́ kí n wá ibi jókòó sí kí n tó máa bá a lọ.

Ohun tó fà á nìyí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló wú nínú ọpọlọ Bọ̀dá Josiah, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà kúrò ní Badagry lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó. Ẹ̀rù bà wá gan-an. Àǹtí Eunice, ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ẹ, sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé tí ọkọ òun bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé padà, òun máa yan ẹja tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì máa jẹ yó lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

Ọlọ́run gbọ́. Àwọn dókítà ti wáyà tín-ín-rín kan bọ ọkùnrin náà nítan, wáyà gba ikùn, ó gba àyà, ó dé orí, wọ́n sì fi dí ibi tó wú náà pa. Orí tí wọ́n tún ṣe, kò sí àpá kankan lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí i, orí ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Fàsásì ọlọ́kadà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wá láti Kankon, kò tíì jókòó tó ti ń fọwọ́ tú irun orí rẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Josiah, níbo ni wọ́n gbà wọlé?"

"Itan ni."

"Orí ń dùn ẹ́, wọ́n wá lọ gé ẹ nítan? Wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ! Jẹ́ ká rí itan ọ̀hún."

Bọ̀dá Josiah di ṣòkòtò rẹ̀ mú gírígírí. Títí di òní olónìí, Fàsásì ṣì ń sọ kiri pé orúnkún ló ń dun ọ̀rẹ́ òun, kì í ṣe orí rárá.

Ara ń yá o, àmọ́ àwọn nǹkan kan ò tíì lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gún un lójú, torí náà awò dúdú kì í kúrò lójú rẹ̀. Tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rò pé ọ̀gá ọlọ́pàá inú ni. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀, ó lè sùn lọ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Èyí tó wá burú jù ni imú rẹ̀, tó ń gbóòórùn ohun tí kò sí. Ẹja tó ń jóná ni, nígbà gbogbo. Dókítà ní kò léwu, ó máa lọ fúnra rẹ̀, kí ó ṣáà má máa bẹ́ gìjàgìjà kiri kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà ru.

Ẹ̀wà Zulaikha ni àkọ́kọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ṣẹlẹ̀.

Àlùfáà Rewájú ń wàásù lọ́wọ́. Ó ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Bọ̀dá Josiah gbé imú sókè. Fín-ìn, fín-ìn.

"Iná o!"

Yéè! Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ jáde? Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́. Kì í ṣe àwọn akọrin tó jókòó ti ilẹ̀kùn.

Àlùfáà Rewájú ni!

Ojú fèrèsé ló gbà. Fìrì! Ẹ̀wù oyè rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbòkun. Abẹ́ igi àgbọn ni a ti lọ bá a, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, a wá sọ fún un pé kò sí iná níbì kankan.

Ojú tì í kọjá sísọ. Láti ọjọ́ náà, tí àwọn ọmọdé bá ti rí i lójú títì, wọ́n á ké pé, "Fìrì!" Ó wá búra níwájú ìjọ pé òun ò tún ní sá fún iná mọ́ láyé òun, àfi tí iná náà bá fọwọ́ kan òun.

Àǹtí Eunice náà wá ṣòfin. Ó kó gbogbo agboolé jọ, Zulaikha náà wá. Tí àǹtí mi yìí bá ń ṣòfin, ìka ló fi ń gún èèyàn láyà.

"Tí ọkọ mi bá ti bi yín pé ṣé nǹkan ń jóná, kí lẹ máa sọ?"

"A máa ní rárá."

"Rárá nìkan ò tó! Ẹ ní, 'Orí yín ni.' Ẹ má dìde, ẹ má wò yíká, ẹ má jẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Ẹ̀yin náà, Bàbá Morìnsọ́lá," ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, "tí òórùn náà bá ti dé, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa kọrin títí á fi lọ."

Bọ̀dá Josiah fúnra rẹ̀ ló gbé orin kalẹ̀: "Orí mi ni, kì í ṣe iná! Orí mi ni, kì í ṣe iná!" Ohùn rẹ̀ dà bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí omi ti wọ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, torí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe. A kọ́ ẹ̀kọ́ náà débi pé Zulaikha lè dáhùn rẹ̀ lójú oorun.

Ó wá ku ọ̀la kí ìdúpẹ́ wáyé. Àǹtí Eunice ra ẹja, ó tún ra ẹja, díẹ̀ ló kù kó ra ọ̀sà tán. Ó tò wọ́n sórí wáyà lẹ́yìn ilé, létí omi níbẹ̀, ó fi èèpo àgbọn dáná sábẹ́ rẹ̀ kó máa rú èéfín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìkòkò ńlá tó fẹ́ lọ yá ní Ajara ló kù.

"Bàbá Morìnsọ́lá, ẹ bá mi jókòó ti ẹja yìí. Tí iná bá fẹ́ sọ, kẹ́ ẹ wọ́n omi sí i."

"Lọ kó o bọ̀. Ẹja ò lè sá lọ."

Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Bọ̀dá Josiah jókòó. Oòrùn mú, ó kẹ̀yìn sí oòrùn. Apá ibi tí oòrùn wà ni ẹja náà wà, ó kẹ̀yìn sí ẹja. Awò dúdú sì wà lójú rẹ̀. Atẹ́gùn òkun fẹ́ wòò, iná èèpo àgbọn jí.

Fín-ìn, fín-ìn.

"Zulaikha! Ṣé nǹkan ń jóná?"

Zulaikha ń dirun fún oníbàárà lódìkejì ọgbà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Orí yín ni, bàbá!"

"O ṣé, ọmọ mi. Orí mi ni, kì í ṣe iná..."

Fín-ìn, fín-ìn, fín-ìn.

"Àbúrò! Tòní mà le o. Ó ti ń ta mí lójú!"

Èmi ni ó ń pè. Mo ki orí bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òróró dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Èmi náà gbóòórùn nǹkan díẹ̀, n ò ní purọ́. Mo ní epo ẹ́ńjìnnì ni. Mo ké padà, "Orí yín ni, bọ̀dá!"

"Mawu! Ọlọ́run mi! Orí mi yìí lágbára o!"

Ló bá gbé orin sókè. Zulaikha gbè é. Oníbàárà Zulaikha gbè é. Èmi náà ń fi sípánà lu irin, kọ̀ǹ-kọ̀ǹ-kọ̀ǹ! Orin ń dùn, ẹja ìdúpẹ́ ń di èédú.

Àárín orin yìí ni Àlùfáà Rewájú wọlé. Ibi ìsìn kan ló ti ń bọ̀, ẹ̀wù oyè rẹ̀ ń gbálẹ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ó fẹ́ wá gbàdúrà sórí ẹja. Ẹ̀yìn ilé ló gbà, ó sì bá iná tó ti ga tó èèyàn.

Ó la ẹnu. Ó rántí fèrèsé. Ó pa ẹnu dé.

"Àlùfáà, ẹ káàbọ̀!" Bọ̀dá Josiah ní, kò yíjú padà. "Ẹ bá wa gbè é. Tòní ò fẹ́ lọ."

Àlùfáà Rewájú káwọ́ sáyà, ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ bí òjò. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sá. Mi ò tún sá mọ́."

"Ẹja mi o! Ẹja Ọlọ́run!"

Gbàràdà! Àǹtí Eunice ti dé, ìkòkò ti já bọ́ lórí rẹ̀. Gbogbo wa yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Garawa, gbọ̀àà! Garawa, gbọ̀àà! Nígbà tí iná fi máa kú, ẹja kan ò ṣẹ́ kù. Àǹtí mi mú ọ̀kan tó dúdú bíi bàtà.

"Bàbá Morìnsọ́lá! Ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Mo gbọ́! Mo gbọ́ ọ dáadáa! Mo tiẹ̀ béèrè! Gbogbo wọn ní orí mi ni!"

Ó wò wá. Mo padà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mi wẹ́rẹ́.

"Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́ o," àǹtí mi ní. "Kí ni mo fẹ́ gbé dé iwájú Ọlọ́run lọ́la?" Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rín tó wà lọ́fun mi kò lè jáde.

Bọ̀dá Josiah yọ awò ojú. Ó gbóòórùn ẹja náà. Ó rìn lọ sẹ́nu géètì, fín-ìn. Ó sáré padà wá sídìí ẹja, fín-ìn. Ó tún sáré lọ sẹ́nu géètì.

"Eunice! Níbí, kò sí! Níbẹ̀ yẹn, ó wà!"

"Kí ló wà?"

"Òórùn! Ibi tí ẹja ti jóná nìkan ló wà! Orí mi kọ́, iná gidi ni! Eunice, mo ti yá!"

Àǹtí Eunice wò ó, ó wo ẹja, ẹkún àti ẹ̀rín jọ bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó di mọ́ ọkọ rẹ̀ tòun tẹja dúdú lọ́wọ́. "Ẹja ṣì wà lọ́jà! Mo máa ra òmíràn! Mo máa yan án mọ́jú!" Zulaikha ń pàtẹ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ ń jó pẹ̀lú irun tí wọ́n dì dé àárín orí. A gbàgbé pé ẹnikẹ́ni tún wà níbẹ̀.

Àlùfáà Rewájú ṣì dúró síbi tó wà, ó káwọ́ sáyà. Ó gbé imú sókè. Fín-ìn, fín-ìn.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́... ṣé nǹkan ṣì ń jóná?"

Gbogbo agboolé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Orí yín ni, sà!"

Ó mi orí. "Mo rò bẹ́ẹ̀ náà."

Èéfín ti ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ná èèpo àgbọn kan ti lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀wù oyè, ó rọra ń gòkè bọ̀, ó dé ìdí, ó sì fọwọ́ kan bàbá.

Fìrì!

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé eré ni bàbá yìí fi ti ojú fèrèsé yẹn ṣe. Ó fo wáyà ẹja, ó fo ìkòkò, ó fo Zulaikha, ó di inú ọ̀sà.

Pọ̀ọ̀mù!

A sáré dé etí omi. Ó pẹ́ díẹ̀. Orí yọ, ewé omi bò ó bíi fìlà. Ó gbé imú sókè, fín-ìn, fín-ìn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ máa kọrin yẹn lọ," ó ní. "Ó ti lọ."