Fóònù Tí Kò Mọ Ẹ̀bẹ̀

Ọkùnrin tí wọ́n rán wá láti ìlú ńlá pé kó wá kọ́ àwọn amọ̀kòkò orí òkè ní fóònù, Ó-Yé-Mi ni wọ́n ń pè é, nítorí kí èèyàn tó la ẹnu tán ló ti máa ń sọ pé ó yé òun. Kódà bí ààrá bá sán, wọ́n ní á mi orí, á ní, “Ó yé mi.” Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti kó gbogbo fóònù padà sínú páálí, ó ti fi okùn dì í bí ẹni di ọ̀daràn, ó wá gbé e lọ dágbére fún Ìyá Àgbà, olórí àwọn amọ̀kòkò, tó jókòó lábẹ́ abà, tó ń fi àfọ́kù igbá ha ìkòkò kan tí ikùn rẹ̀ tó ti ọ̀gá ọlọ́pàá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.”

“Ọmọ mi, káàbọ̀. Oòrùn yìí mú. Ṣé kí n bu omi fún ọ?”

“Ẹ bù ú wá, Màmá!”

Ó gbé omi náà mì láìsinmi. Ìyá Àgbà wo ife, ó wo ọkùnrin náà, ó mí kanlẹ̀.

“Ṣé kò sí o?”

“Ó wà o, Màmá. Mo ń lọ ni. Ẹ ti lé mi.”

“Ta ló lé ọ? Ajá ilé wa gan-an kò tíì gbó ọ.”

“Ẹ̀yin náà ni. Gbogbo ilé tó wà lórí òkè yìí, kò sí ẹyọ kan tó gbà kí n fi orúkọ òun sórí fóònù. Ọ̀gá mi máa pè láìpẹ́. Bí ó bá gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo péré wọlé, iṣẹ́ mi kò bọ́. Bí kò bá rí ẹnì kankan, kí n máa lọ sílé bàbá mi nìyẹn.”

“A kúkú ń bọ̀ wá bá ọ lójoojúmọ́!”

“Ẹ ń bọ̀, ẹ ń jókòó, ẹ ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Bí ó bá wá kan kí ẹ tẹ nǹkan tí mo ní kí ẹ tẹ̀, pàbó! Ó yé mi, Màmá. Mo ti kọ ìròyìn ránṣẹ́. Mo ní, ‘Àwọn èèyàn orí òkè yìí kò pọ̀, èdè wọn kò jáde kúrò lórí òkè rí, àṣà wọn sì ti bò wọ́n lójú. Wọ́n kórìíra ohun ìgbàlódé.’ Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.”

Ìyá Àgbà gbé àfọ́kù igbá sílẹ̀.

“Àwa la kórìíra fóònù?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó sunkún láàárọ̀ yìí nígbà tó rí ọ tí ò ń di páálí, ó kórìíra fóònù? Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ lọ́nà jíjìn, tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́?”

“Òun gan-an! Fóònù bi í pé, ‘Ṣé ẹ gbà?’ Àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀ fún ‘Bẹ́ẹ̀ ni’, pupa wà níbẹ̀ fún ‘Rárá’. Mo di ìka rẹ̀ mú títí dé ẹ̀gbẹ́ aláwọ̀ ewé. Ó já ìka gbà, ó tẹ pupa!”

“Ó dáa. Kí wá ni fóònù sọ?”

“Ó ní, ‘A dúpẹ́, ó dàbọ̀.’”

“Háà!” Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ amọ̀ lé orí. “Ó lé e dà nù! Obìnrin ń gbà, fóònù ń ti ilẹ̀kùn!”

“Màmá, rárá ló tẹ̀.”

“Kí lo fẹ́ kó tẹ̀? ‘Bẹ́ẹ̀ ni’? Lẹ́ẹ̀kan? Níṣojú àwọn ìyàwó ilé? Kí wọ́n wá máa sọ pé ilé tí ebi ti ń pa wọ́n ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá?”

Ó-Yé-Mi la ẹnu láti sọ pé ó yé òun. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú.

“Gbọ́ mi dáadáa,” ni Ìyá Àgbà wí. “Níbí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là ń bi èèyàn. Èkíní, o kọ̀, nítorí ìtìjú. Èkejì, o kọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ náà ní ilé. Ẹ̀kẹta ni wàá wá gbà, tí wàá lejú bí ẹni tí wọ́n fipá mú.”

“Nínú gbogbo nǹkan?”

“Gbogbo nǹkan.”

“Títí kan ìgbéyàwó?”

“Nígbà tí ọkọ mi béèrè ẹ̀kẹta, mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.”

“Bí èèyàn bá wá wà nínú ewu ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jìn sínú odò nígbà kan. Wọ́n na okùn sí i. Ó ní, ‘Rárá o, ẹ má ṣe ìyọnu.’ Wọ́n tún nà án sí i, omi ti dé àgbọ̀n rẹ̀, ó ní, ‘Ẹ fún àwọn tó kù.’ Kò sí ẹlòmíràn nínú odò! Wọ́n na ẹ̀kẹta, imú rẹ̀ nìkan ló kù lókè, ó sì fi eyín gbá okùn náà mú. Ó pa ọmọ mẹ́jọ bí àgbébọ̀ adìẹ lẹ́yìn ìgbà yẹn.”

“Ó pa wọ́n?”

“Ó bí wọn ni mo wí! Ìwọ náà, jẹ́ kí n sọ̀tàn. Bí ó bá jẹ́ ará ìlú yín ló wà létí odò lọ́jọ́ náà, ì bá ti ká okùn rẹ̀ lọ sílé, ì bá ti kọ ìròyìn pé ará òkè kórìíra okùn.”

Ọ̀rọ̀ náà ta Ó-Yé-Mi. Ó jókòó lórí páálí fóònù.

“Màmá... omi tí ẹ fún mi ńkọ́?”

“Láti ọjọ́ tó o ti dé lo ti ń gbà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi àga lọ̀ ọ́, o jókòó. Wọ́n fi ẹ̀pà lọ̀ ọ́, o na ọwọ́ méjèèjì. Kí ló dé tó o rò pé gbogbo ilé ń gbé oúnjẹ wá fún ọ?”

“Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni.”

“Àánú rẹ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní ọmọ òrukàn ni ìjọba rán wá.”

“Kí ló dé tí ẹnì kankan kò sọ fún mi?”

“O kò kúkú jẹ́. Gbogbo ìgbà ló ń yé ọ. Àwọn tó sì ṣe fóònù yẹn, ta ni wọ́n bi léèrè nínú wa? Wọ́n ní a ò pọ̀. Ẹni tí kò bá pọ̀, ṣé kì í ní bó ṣe ń dáhùn ni?”

Ó-Yé-Mi fò dìde. Ó fi eyín tú okùn, ó fa fóònù kan yọ, ó tàn án, ó kúnlẹ̀ síwájú ìkòkò.

“Màmá, ṣé ẹ máa wọlé sórí fóònù?”

“Rárá o. Arúgbó bíi tèmi, kí ni n ó fi ṣe?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ wọlé.”

“Rárá, ọmọ mi. Àwọn ọmọdé ni kó o fún.” Ṣùgbọ́n ó ti ń fi etí ìró rẹ̀ nu amọ̀ kúrò lára àtàǹpàkò.

Ó-Yé-Mi na fóònù sí i kó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn ọmọbìnrin kan dún nínú rẹ̀, tútù bí omi àmù: “Ṣé ẹ...”

Kò tíì dé “gbà” tí àtàǹpàkò Ìyá Àgbà fi balẹ̀ lórí aláwọ̀ ewé bí òǹtẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀,” ni fóònù wí.

“Wọ́n fipá mú mi ni o!” ni Ìyá Àgbà kígbe sí àwọn ilé tó yí wọn ká, ó sì fi fóònù sí àyà.

Ó-Yé-Mi ń jó yí abà ká. Ó ní òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àṣà yé láyé yìí, ó ní òun á máa kọ́ àwọn ọ̀gá òun. Ibi tó ti ń jó ni fóònù tirẹ̀ ti dún.

“Hẹ́lò, ọ̀gá mi! Ẹ ti rí i lọ́fíìsì? ... Ẹnì kan ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ni! Olórí wọn ni! Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀! ...” Ó fi ọwọ́ bo fóònù. “Màmá! Ó ní ṣé mo fẹ́ di ọ̀gá iṣẹ́ yìí fún gbogbo àgbègbè òkè!”

“Olúwa ṣeun! Dá a lóhùn kíá.”

Ó ṣẹ́jú sí i. “Ó yé mi.” Ó tún ọrùn ẹ̀wù ṣe, ó fa ohùn gùn: “Rárá o, ọ̀gá mi. Irú èmi yìí? Ẹ kúkú wá ẹlòmíràn.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ìbéèrè kejì. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

“Hẹ́lò? ... Hẹ́lò?”

“Kí ló wí?”

“Ó ní, ‘Ó dáa.’”

“Ọmọ ibo ni ọ̀gá rẹ?”

“Ọmọ... ìlú tèmi ni.”

“Ìlú tí wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì yẹn?”

Ó-Yé-Mi pe nọ́ńbà náà padà. Ó gbọ́, ó sì sọ ọwọ́ sílẹ̀. “Ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.”

“Ẹlòmíràn tó o ní kó wá nìyẹn.”

Ìyá Àgbà wò ó títí, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó nawọ́ sí òkìtì amọ̀ tó wà lẹ́yìn abà.

“Ó dáa, amọ̀ yìí ń fẹ́ ẹni tí á máa fi ẹsẹ̀ gún un. Ṣé wàá bá mi ṣe é?”

“Mo gbà, Màmá! Mo gbà!”

Ìyá Àgbà mú àfọ́kù igbá rẹ̀, ó yí ojú sí ìkòkò.

“Ẹ gbà mí o,” ló wí fún ìkòkò náà. “Ó tún gbà lẹ́ẹ̀kan.”