Léèsì Tí Ọkọ Ìyàwó Bọ́ Níwájú Àna

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Lọ́jà Ìdí-Ahùn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Kì í ṣe ẹjọ́ ààlà oko, kì í sì í ṣe ti ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ oníẹ̀gẹ́. Ẹjọ́ aṣọ ni. Ọkọ ìyàwó bọ́ léèsì tí ìyá ìyàwó yàn fún un, ó bọ́ ọ láàárín ìdọ̀bálẹ̀, lójú gbogbo àna, ìyá ìyàwó sì ní òun ò fọmọ fún un mọ́.

Lọ́jà ti jókòó kí wọ́n tó dé. Aṣọ àrán tó fi jẹ oyè ló wọ̀, èyí tí wọ́n fi okùn góòlù kọ́ ọrùn rẹ̀ yípo. Láti ọjọ́ ìwúyè ni ọrùn aṣọ yẹn ti ń jẹ ẹ́ bí ìjàlọ, ṣùgbọ́n ọba kì í họra lójú ará ìlú. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè bí ẹni ń lé eṣinṣin, yóò sì yọ́ fi ìdí rẹ̀ ha ọrùn. Àwọn ará ìlú ní Lọ́jà àwọn mọ ìrùkẹ̀rẹ̀ í jù.

“Ta ló pẹjọ́?” ni Ọ̀dọ̀fin béèrè. Igbákejì Lọ́jà ni Ọ̀dọ̀fin, òun ló sì máa ń béèrè ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀.

“Èmi ni, bàbá. Èmi Julianah Béjidé, ìyá Ìwàlẹwà.”

Obìnrin náà kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó lóṣòó sí àárín ilé. Òṣómàáló ni bàbá bàbá rẹ̀, ó ta aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà ayé rẹ̀; bí ó bá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni, onílé ò ní rọ́nà jáde títí yóò fi gbọ́ tirẹ̀. Aṣọ ni Julianah náà ń tà ní Iléṣà, ó sì jogún ìlóṣòó mọ́ ọn.

“Ẹ jókòó, ìyá,” ni Lọ́jà wí.

“Ibi tí mo wà yìí dáa, Kábíyèsí. N ò ní dìde títí ẹ ó fi dá ẹjọ́ mi.”

“Ẹ rò ó nígbà náà.”

“Kábíyèsí, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí rèé. Ọmọkùnrin yìí wá láti Òṣogbo, ó ní òun fẹ́ ẹ. Mo ní kò burú. Ọmọ Ọ̀ṣuntókun ni, Dàda Estate ló ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Mo wọ inú ìsọ̀ mi, mo mú léèsì tó dára jù níbẹ̀, mo ní kó fi rán agbádá tí yóò fi dọ̀bálẹ̀ fún wa. Léèsì yẹn, Kábíyèsí, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kọjá lọ́sàn-án, oòrùn á yà fún un.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí bàbá. Alága ní kó tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyá. Ó dọ̀bálẹ̀. Alága ní kó wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá. Ibẹ̀ ló ti fò dìde, ó já agbádá kúrò lọ́rùn, ó bọ́ bùbá, ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gan-an, ó yí inú rẹ̀ síta.”

“Inú síta?” ni Ọ̀dọ̀fin béèrè.

“Inú síta, bàbá. Ṣé ọkọ ọmọ nìyẹn, àbí ẹni tó ń lọ sójú ogun? Mo ti sọ ọ́, n ó sì tún un sọ níbí: kò sí ìgbéyàwó mọ́.”

Lọ́jà kọjú sí olùjẹ́jọ́. “Olúmúyìwá Ọ̀ṣuntókun, o gbọ́?”

Ọmọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àǹkárá kan ló wọ̀, èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tí àwòrán ara rẹ̀ fi parẹ́. Ó rọ̀, ó fẹ́lẹ́, kò gún ẹnikẹ́ni. Lọ́jà wo aṣọ náà, inú sì bí i sí ọmọ náà kó tó la ẹnu. Ká má parọ́, ìlara ni.

“Mo gbọ́, Kábíyèsí.”

“Òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, àfi jíjá tí wọ́n ní mo já a. N ò já a. Mo yọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni.”

“Kí ló dé tí o fi yọ ọ́?”

“Aṣọ yẹn ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí, Kábíyèsí.”

Ẹ̀rín sọ láàfin. Ọ̀dọ̀fin fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

“Báwo ni aṣọ ṣe ń ṣẹ èèyàn?”

“Bàbá, òkúta wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀ níta, orí okùn wà lára rẹ̀ nínú. Bí mo bá dúró, ó ń rìn lára mi. Bí mo bá jókòó, ó ń gún mi ní ìbàdí. Nígbà tí mo wá dọ̀bálẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ewé eèpín fọ̀ mí láyà. Wọ́n ń gbàdúrà fún mi, n ò gbọ́ ọ̀kan. Aṣọ nìkan ni mò ń gbọ́.”

“Ìwọ nìkan ni léèsì ń gún ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà?” ni Lọ́jà béèrè.

“Ó ń gún gbogbo èèyàn, Kábíyèsí. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín sí i ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ba Lọ́jà níbi tó ń dùn ún. Ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀, ó lé eṣinṣin kan tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀fin gbà á sọ. “Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta, ṣé ó ń wo ẹnu àáké? O ò lè fara dà á?”

“Mo fara dà á, bàbá. Mo fara dà á fún ẹbí bàbá, mo fara dà á fún ẹbí ìyá. Àwọn tí kò wá ni mo rò pé, bí wọn ò bá ti sí níbẹ̀, wọn ò ní mọ̀ bóyá mo wọṣọ.”

Lọ́jà wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn ẹlẹ́rìí bọ́ síwájú. Barnabas, àbúrò Julianah, ló kọ́kọ́ jáde, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lagi.

“Mo wà níbẹ̀, Kábíyèsí. Ó bọ́ aṣọ, ó di ẹ̀ṣẹ́, ojú mi ló sì ń wò. Ẹni tó bá wọ ulé wa tó bọ́ aṣọ, ìjà ló wá. Èmi náà bọ́ tèmi.”

“O lù ú?”

“Mo fẹ́ lù ú. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi ẹ̀yìn ha òpó ulé. Ó dijú. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń lu ẹni tó ń ha ẹ̀yìn.”

“Ẹ̀ṣẹ́ tó dì ńkọ́?”

“Ìbàdí ló fi ń họ.”

“Ìwọ lo ní ìjà ni.”

“Ìjà mà ni, Kábíyèsí. Òun àti aṣọ ni wọ́n jọ ń jà.”

Alága ìjókòó tó darí ètò lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Phebe lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni, ohùn rẹ̀ kì í wá ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Kábíyèsí, irọ́ ni. Kò sí ìjà kankan níbẹ̀. Ọmọ yẹn na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ lórí òkè àdúrà. Mo mọ̀ pé Ẹ̀mí ti bà lé e.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo dá orin. Gbogbo ilé gbè é. Àwọn kan nínú ẹbí ìyàwó tilẹ̀ ti ń ríran.”

“Kí ni wọ́n rí?”

“Wọ́n ní àwọn rí aṣọ funfun.”

“Síńgílẹ́ẹ̀tì nìyẹn,” ni Barnabas wí.

“Ta ló wá sọ fún yín pé kì í ṣe Ẹ̀mí?” ni Lọ́jà béèrè.

“Òun fúnra rẹ̀ ni, Kábíyèsí. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí pé kó sọ ohun tí Olúwa ń wí. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ bá mi họ ìsàlẹ̀ èjìká òsì.’”

“Ẹ bá a họ ọ́?”

“Mo bá a họ ọ́. Àánú ṣe mí.”

Ẹni tó jáde tẹ̀ lé e ni Rùkáyà, tó ń bá Múyìwá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan náà ní Àbẹ̀rẹ̀.

“Kábíyèsí, wàláhì, ara rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Àmì tí wọ́n máa ń rán mọ́ ọrùn aṣọ, gígé ló ń gé gbogbo rẹ̀. Bí ìjókòó táksí bá rí gákugàku, yóò bọ́ọ́lẹ̀, yóò fẹsẹ̀ rìn dé Àbẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn.”

“Orí rẹ̀ pé ṣá?” ni Ọ̀dọ̀fin béèrè.

“Ó pé, bàbá. Òun ló máa ń ṣáájú gbogbo wa parí iṣẹ́. Kí ẹ ṣáà má fún un ní aṣọ onírun.”

“Táì ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Lọ́jà kó tó mọ̀.

“Àpò ló ń gbé, Kábíyèsí. Bí ọ̀gá àgbà bá ń bọ̀ ló tó ń so ó.”

“Èmi náà nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀...” Lọ́jà rí i pé Ọ̀dọ̀fin ń wo òun. “Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.”

Kò sí ẹni tó tún ní ọ̀rọ̀, bí kò ṣe Ìwàlẹwà. Ọmọbìnrin náà ti sunkún láti òwúrọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ó kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí, mo mọ̀ kí n tó gbà fún un. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, inú bọ́ọ̀sì Àbẹ̀rẹ̀ ni, mò ń yí ọrùn síbí, mò ń yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, ṣé àmì aṣọ yín ló ń gún yín?’ Ó fún mi ní àlùmọ́gàjí kékeré kan. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹni tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.”

“Bi ọ́ ní kí ni?”

“Bóyá ó ń dùn mí.”

Julianah yíjú sí i níbi tó lóṣòó sí. “Gbogbo aṣọ tí mo bá fún ọ lo máa ń wọ̀.”

“Mo máa ń wọ̀ ọ́, màámi.”

Ṣùgbọ́n ọmọ òṣómàáló kì í tètè sọ̀rètí nù. Julianah tún ojú rẹ̀ ṣe.

“Kábíyèsí, ìfẹ́ ni ọmọ mi ń sọ, èmi ń sọ iyì. Ẹni tí kò lè fara da aṣọ ọjọ́ kan, ṣé yóò fara da ìyàwó títí ọjọ́ alẹ́? Ẹ bá mi bi í.”

Ọ̀dọ̀fin tẹ̀ sí etí Lọ́jà. “Ẹ dá ọmọ yìí lẹ́bi. Bí a bá dá a láre, kò ní sẹ́ni tí yóò wọ sányán mọ́ ní ìlú yìí. Àwọn ọmọ á máa fi aṣọ àwọ̀sùn jẹ oyè.”

Ohun tó wà lọ́kàn Lọ́jà náà nìyẹn. Bí ó bá dá ọmọ náà láre, kí ni òun ti ń jìyà fún láti ọjọ́ yìí wá? Bí ó bá sì dá a lẹ́bi, ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ yìí yóò tún padà sínú bọ́ọ̀sì, yóò máa yí ọrùn, kò sì ní sẹ́ni tí yóò bi í. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an. Ó ní kí wọ́n gbé léèsì náà wá. Ó fi ọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, ó sì nu ọwọ́ náà mọ́ orúnkún.

“Ìyá Ìwàlẹwà, ẹ̀yin ti wọ léèsì yìí rí?”

“Ọjà ni, Kábíyèsí. Mo máa ń nà án han oníbàárà ni.”

“Kí lẹ máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Àdìrẹ.”

“Àdìrẹ wo?”

Obìnrin náà wo ilẹ̀. “Èyí tó wà lára mi yìí. Ó ti mọ̀ mí lára.”

Lọ́jà gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Múyìwá jẹ̀bi. Ó bọ́ aṣọ níwájú àna láì tọrọ gáfárà. Yóò lọ bá gbogbo àwọn tí kò lè wá nílé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé Ifẹ̀wàrà, yóò sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn.”

“Nínú aṣọ wo, Kábíyèsí?”

“Èyí tó bá wù ọ́. Barnabas náà jẹ̀bi. Ó bọ́ aṣọ láti jà, kò sì jà. Yóò tẹ̀ lé Múyìwá lọ, yóò máa bá a họ ẹ̀yìn. Léèsì yìí ló jẹ̀bi jù. Ẹ gbé e kọ́ sí oko àgbàdo mi, kí àwọn ẹyẹ náà wá wo iyì.”

“Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ńkọ́?” ni Julianah béèrè.

“Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀. Ẹ ní ẹni tí kò lè fara da aṣọ kò lè fara da ìyàwó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú nínú léèsì yìí tó kù ní ìsọ̀, ẹ fi rán ìró àti bùbá. Ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì lọ́jọ́ Ìsinmi, láti orin àkọ́kọ́ títí dé orí ìkéde, kò sì gbọdọ̀ sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá họra, òdodo lẹ sọ, kò sí ìgbéyàwó. Bí ẹ bá họra lẹ́ẹ̀kan, ìbáà ṣe lábẹ́ àdúrà, ọmọ ti di ti Múyìwá. Ọ̀dọ̀fin ni yóò jókòó tì yín máa ṣọ́ yín.”

Julianah fa etí agbádá náà mọ́ra, ó fi pa inú apá rẹ̀ lọ, ó fi pa á bọ̀. Ó wo ibi tó fi pa. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ìwàlẹwà, gbogbo èyí tí mò ń rà fún ọ látẹ̀yìnwá, ṣé báyìí ni wọ́n rí?”

“Kì í ṣe gbogbo wọn, màámi.”

Ìyá rẹ̀ ká léèsì náà, ó gbé e lé Ọ̀dọ̀fin lọ́wọ́.

“Kábíyèsí,” ló wí, “Sátidé wo lẹ rí pé ó dáa fún ìgbéyàwó? Kí àwọn méjèèjì wọ ohun tó bá wù wọ́n wá.”