Ìwé Pélébé Ìpàkọ́ Ọ̀mọ̀wé Ọdẹ́kúnlé

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni"? Àwọn kan á ní nítorí pé iwájú orí ni Ẹlẹ́dàá fi ojú sí ni. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dé Òkè-Ìṣọ́ rí. Òkè-Ìṣọ́ ni òwe náà ti jáde, ẹ̀rù ló sì bí i.

Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ààbò kan wà lórí òkè náà, níbi tí àwọn ọ̀gá ológun ti ń kàwé. Ọ̀mọ̀wé Ọdẹ́kúnlé ló ń kọ́ wọn ní Ìlànà Ààbò Orí Ẹ̀rọ, ìyẹn ọ̀nà tí ìlú fi lè pa àṣírí inú ẹ̀rọ ayárabíàṣá mọ́ kí ọ̀tá má baà jí i. Ọkùnrin yìí kì í fẹ́ fi etí gbọ́ èdè àjèjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pe "páásíwọ́ọ̀dù" pẹ́nrẹ́n, orí ìdúró ni yóò ti gbọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà tán. "Ọ̀rọ̀-aṣílẹ̀kùn" ni Ọ̀mọ̀wé ń pè é. Olè tó sì ń gba orí ẹ̀rọ wọlé, "afọ́lé-láìtẹlẹ̀" ló sọ ọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà, òfin mọ́kànlélógójì, gbogbo ènìyàn ló sì fọwọ́ sí i, láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí alásè. Òfin keje ní kí ọ̀rọ̀-aṣílẹ̀kùn má dín ní lẹ́tà mọ́kànlélógún, kí àmì ohùn rẹ̀ pé, kí á máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbikíbi. Òfin kejìlá ni Ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn jù: ẹni tó bá ṣèèṣì rí àṣírí ẹlòmíràn, kí ó gbójú kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó ni ín, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu ti di ti ìta.

Ṣùgbọ́n orí ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kì í ṣe àpótí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀mọ̀wé jókòó ti ẹ̀rọ ara rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò rántí ọ̀rọ̀ tó dá sílẹ̀ ní ìdájí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ́ sórí ìwé pélébé. Gàdàgbà gàdàgbà ló ń kọ ọ́, nítorí kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ-ogun bá awò ìkàwé lójú òun. Yóò fi ìwé náà há ìṣẹ́po fìlà rẹ̀ lẹ́yìn, yóò wo dígí, kò ní rí nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fẹ̀yìntọlá, tó máa ń bá a tún fìlà ṣe kó tó jáde, ti lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun ní Ìlọrin.

Ó wá ku ọjọ́ márùn-ún kí Ìgbìmọ̀ Olùyẹ̀wò dé láti olú-ìlú. Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀mọ̀wé ṣí àpò ìbéèrè ìdánwò lórí ẹ̀rọ, ó sì bá ìlà kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀mọ̀wé."

Ó yẹ gbogbo nǹkan wò, kò sí ohun tó sọnù, ìyẹn ló tún wá dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Olè tó bá jí nǹkan, a mọ ohun tó wá wá. Èwo wá ni ti olè tó wá kí ni? Bí Ìgbìmọ̀ bá sì gbọ́ pé wọ́n fọ́ ilé olùkọ́ni-nílé-ṣíṣọ́, wọn yóò pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́, wọn yóò sì fi Ọ̀mọ̀wé sí yàrá bàtà, kó máa to bàtà ológun títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ogún ọdún ló fi gbé ẹ̀kọ́ náà dúró.

Ó dá ọ̀rọ̀ mìíràn tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó bá a pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Tòní gùn." Ní Ọjọ́rú ó bá a pé, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ gbàgbé àmì kan lórí tòní." Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé jókòó sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì tún wá burú jù. Bó bá ti kọjú sí pátákó báyìí, gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́. Ní Ọjọ́rú yìí kan náà, ó yí padà lójijì, ó sì bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tí wọ́n dijú pinpin, tí wọ́n doríkodò bí ẹni ń gbàdúrà òkú.

Ó bi Tìámíyù, ọmọ-ogun gíga kan tó jókòó níwájú, pé kí ló dé tí wọ́n fi dijú.

Tìámíyù dìde, ó dúró ṣánṣán. "Òfin kejìlá ni, Ọ̀gá."

"Àṣírí ta lẹ rí?"

"Òfin kejìlá ni, Ọ̀gá." Omi sì lé ròrò sí ọmọ-ogun náà lójú.

Láti ìgbà náà ni Ọ̀mọ̀wé ti mọ̀ pé wọ́n ti dìtẹ̀ mọ́ òun. Kò mu tíì mọ́. Ó ń yọjú wo abẹ́ àga kí ó tó jókòó. Ó pààrọ̀ àgádágodo ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí ó dá a lójú pé ẹnìkan ń tẹ̀ lé òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, kí ojú rẹ̀ lè máa ṣọ́ ọ̀nà tó gbà wá. Báyìí ló ṣe ń fi ìpàkọ́ ṣíwájú wọ ibi gbogbo bí ẹni gbé àsíá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rí i, ó fi fìlà bojú. Alásè rí i, ó ju ìgbakọ sílẹ̀, ó fi gèlè bojú. Ọ̀mọ̀wé wá ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá òun ti kú ni, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún òun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìgbìmọ̀ pé. Alága wọn, Bàbá Arógundádé, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí Ọ̀mọ̀wé wí níwájú gbogbo wọn bóyá ẹnikẹ́ni ti wọ ilé àṣírí rẹ̀ rí.

Ọ̀mọ̀wé la ẹnu láti dáhùn. Ó rí yàrá bàtà níwájú rẹ̀ gedegbe.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ṣí, tí Ìyá Fẹ̀yìntọlá wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó ti Ìlọrin dé, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ṣí ilé.

"Bàbá Fẹ̀yìntọlá, ẹ pààrọ̀ àgádágodo, ẹ kò ránṣẹ́ sí mi. Ṣé èmi náà ti di olè ni?" Ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì dúró. "Kí lẹ wá fi há ìpàkọ́ bí ewúrẹ́ ọjà yìí?" Ó fà á yọ, ó sì kà á sókè ketekete: "Ọ̀tá-kò-lè-mọ-ibi-tí-mo-fi-í-pamọ́-sí."

Àwọn ọmọ-ogun mẹ́rìndínlógún mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"A dúpẹ́, Màmá," ni Tìámíyù wí.

Ọ̀gágun Mọrádékẹ́, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, dìde. "Èmi ni mo ń wọlé, Ọ̀mọ̀wé. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti rí i. Òfin yín ní kí n má sọ. Kò ní kí n má wọlé."

Ọ̀mọ̀wé tó kọ òfin náà fọwọ́ kan ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Bàbá Arógundádé béèrè iye ọjọ́ tí ìwé náà fi wà níta. Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún. Ó béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ ọ́. Wọ́n ní kò sí. Bàbá mirí. "Ẹ̀kọ́ yìí yóò dúró, nítorí àwọn ọmọ yìí gbọ́ ọ. Olùkọ́ nìkan ni kò yege. Àga iwájú ni kó jókòó sí títí yóò fi tún ìdánwò rẹ̀ ṣe."

Wọ́n pa òfin kejìlá rẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì bi Ìyá Fẹ̀yìntọlá ohun tí àwọn ìbá fi rọ́pò rẹ̀. Obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ ilé nìkan ń jẹ lọ́kàn dá wọn lóhùn ní gbólóhùn kan, "Ẹni tó bá rí i, kó sọ fún ẹni tó ni ín," wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀mọ̀wé jókòó sí àga iwájú. Kò pẹ́ tí ìka kan rọra kàn án léjìká. Tìámíyù ni. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìwé yẹn tún ti yọ lẹ́yìn fìlà yín."

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni, pàápàá bí ẹni ẹlẹ́ni náà kò bá tíì fọwọ́ sí ìwé òfin.